Ìrù Ẹfọ̀n Tí Mo Gbé Gun Òkè Gàgàrà

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó jókòó sójú oòrùn kó sún wá sábẹ́ ibòòji, ẹni tó bá sì ní iṣu lẹ́nu kó tètè gbé e mì, torí pé bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bá bá iṣu pàdé lọ́nà ọ̀fun, ó lè fún yín pa. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Àárọ̀ ni mo kúrò nílé, oòrùn ò sì tíì wọ̀ tán tí mo fi padà dé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí láàárín, àwọn kan á hu ewú títí wọn ò ní rí ìdajì rẹ̀. Èmi Ọdẹ́yalé ọmọ Ògúnmọ́dẹdé ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹkùn rí lọ́ọ̀ọ́kán tó yà kúrò lọ́nà bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè. Ẹ wo Akínlàjà, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín lọ, nígbà tí mo bá parí, ìwọ lo máa bu omi fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà nígbà náà, odò Aríyọ̀ tí ẹ bá nílẹ̀ yìí, ẹ rò pé bó ṣe ń ṣàn ló ti ń ṣàn láti ọjọ́ tí ayé ti dé ayé. Irọ́ ni. Ọdún kan wà tó gbẹ. Kì í ṣe pé ọ̀gbẹlẹ̀ mú o, òjò rọ̀ lọ́dún náà débi pé iṣu ń jẹrà nínú ebè, síbẹ̀ Aríyọ̀ ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́, títí tó fi di yanrìn lásán. Àwọn ìyàwó ilé ń fi igbá gbẹ́ yanrìn, omi tó bá jáde kò tó fi bọ́jú. Nígbà tí òjò wá dáwọ́ dúró tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé dé, ewúrẹ́ ń kú, àwọn ọmọ ọwọ́ ń sunkún tí omijé ò jáde. Ìlú tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, odò náà ló fẹ́ já a jù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀. Kó tó di pé odò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bàbá mi lọ sígbó ọdẹ, arúgbó ni, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé kó jókòó? Nígbà tó padà dé, ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, ìrù ẹfọ̀n tútù kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìrù náà lé ìyá mi lórí itan, ó ní, “Ẹ lọ gbé e.” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Àwa ọdẹ mọ ohun tó ń wí. Bí ọdẹ bá pa ẹran tí agbára rẹ̀ ò ká, á gé ìrù rẹ̀ mú lọ sílé fún ẹ̀rí, á já ewé tútù bo ẹran náà, á sì lọ pe àwọn tí yóò bá a gbé e. Ewé yẹn ju àgádágodo lọ. Bí ọdẹ mìíràn bá débẹ̀, ebi ì báà máa pa á kú lọ, kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i, olè ni, a ò sì ní í bá a jẹun mọ́ títí ayé. Nítorí náà, a mọ̀ pé bàbá ti pa ẹfọ̀n, ó ti bò ó, ó ní ká lọ gbé e. Ṣùgbọ́n níbo? A wá gbogbo igbó, a dé ibi tí ọ̀bọ pàápàá kì í dé, a ò rí ẹfọ̀n, a ò rí ewé.

Ibẹ̀ ni Ajíbówú ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọdẹ bíi tèmi ni Ajíbówú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló fi ń pa ẹran jù. Ó ní, “Ìrù láìsí ẹran! Ọjà ni baba arúgbó yẹn ti ra ìrù, ó fẹ́ fi gba orúkọ kó tó kú.” Nígbà tí odò wá gbẹ, ó fi kún un, ó ní irọ́ tí bàbá mi pa fẹ́yìn ayé ló lé Aríyọ̀ lọ. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn? Wọ́n gbà á gbọ́. Ìyá mi, Àwẹ̀ró, ìrù náà ló fi ń lé eṣinṣin níwájú ilé, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ wa, Baba Adégòròyè, pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní kí oníkálukú di ẹrù. Ó ní bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ kejì tí omi ò ṣàn, Aríyọ̀ tú nìyẹn, a ó kọrí sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ wá rí. Ìyá mi dìde, ó ní, “Baba, ẹ máa lọ o. Ọkọ mi wà ní yàrá tí mo ń sùn, abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ la sin ín sí. Mi ò ní í fi í sílẹ̀ kí ewúrẹ́ máa yàgbẹ́ lé e lórí. Èmi àti ẹ̀ yóò jọ máa gbẹ níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju ọ̀bẹ lọ. Mo dìde, mo ní, “Baba, orí òkè Gàgàrà ni Aríyọ̀ ti ń sọ̀ wá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé adágún kan wà lókè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ohun tó dé bá a. Ẹ fún mi di ìwọ̀ oòrùn ọ̀la.” Baba ní, “Ọdẹ́yalé, ta ló lọ rí tó bọ̀?” Mo ní, “Baba, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ mi.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki ìbọn ṣakabùlà mi lójú gbogbo èèyàn. Mo da ẹ̀tù sí i, mo da ọta sí i, mo ń wá àkísà tí mo máa fi dí i ni Ajíbówú fa etí agbádá etù rẹ̀ ya, ó nà án sí mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Gba èyí fi dí i, kí àwọn ará òkè lè mọ̀ pé mo kí wọn.” Mo gbà á, mo fi dí i. Ìyá mi wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kì ìrù ẹfọ̀n bọ̀ mí nígbànú. Ó ní, “Ohun tí bàbá rẹ fún mi kẹ́yìn láyé nìyí. Mi ò fún ọ, mo yá ọ ni. Ohun tí a bá yá, a gbọ́dọ̀ dá a padà, ṣé o gbọ́?” Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, “Mo gbọ́, Ìyá mi,” mo sì yára kọ̀yìn sí i kó má baà rí ojú mi.

Ẹ ò ní í bi mí léèrè bí mo ṣe la igbó tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Igbó tí gbogbo yín mọ̀ ni. Ìdí òkè gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òkúta ńlá méjì dojú kọ ara wọn níbẹ̀, ẹnì kan sì jókòó sáàárín wọn. Orí rẹ̀ kéré, ọrùn rẹ̀ gùn débi tó fi ká a lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè gbé orí lé èjìká. Ojú mẹ́ta ló ní, méjì níwájú fún ẹni tó ń gòkè, ọ̀kan nípàkọ́ fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Eruku ti bo ojú ìpàkọ́ yẹn, torí pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀. Ó ní òun ni Oníbodè Gàgàrà. Ó ní bí mi ò bá lè dáhùn ìbéèrè òun, òun máa so mí mọ́ ọrùn òun bí ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ béèrè.”

Ó ní, “Kí ni kò sí ẹni tó fi nǹkan kún un, síbẹ̀ tó ń wúwo sí i?”

Mo ní, “Ẹrù tó wà lórí ẹni tó ń gun òkè.”

“Ta ló ń gun òkè láàárọ̀ tí kì í simi, tó ń sọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ tí kì í kọsẹ̀?”

“Oòrùn ni, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yára, èmi àti ẹ̀ la jọ ń sáré lónìí.”

Ó tẹjú mọ́ mi pẹ́ títí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í gun òkè padà?”

Mo ní, “Omi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sunkún. Ó ní, “Omi ni. Ẹ̀gbẹ́ mi yìí ló máa ń gbà kọjá, a sì máa ń tàkúrọ̀sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i mọ.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo gbé ẹsẹ̀, ni ọrùn bá nà jáde dí mi lọ́nà. Ó ní, “Nǹkan méjì wà lára rẹ tí mi ò lè jẹ́ kó jọ kọjá. Ọ̀kan ń pa ẹran, ọ̀kan wá láti ara ẹran tó kú. Fi èyí tó bá wù ọ́ sílẹ̀.” Ìbọn àti ìrù ló ń wí. Ẹ gbà mí o! Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọdẹ tó jókòó síbí, ta ló máa fi ìbọn sílẹ̀ lẹ́nu ibodè ibi tí kò dé rí, tó máa wá mú abẹ̀bẹ̀ eṣinṣin lọ? Ọwọ́ mi ti wà lára ìrù láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, mo gbọ́ ohùn ìyá mi létí. Ó yá mi ni, kò fún mi. Mo bú sẹ́kún nítorí ìbọn mi, mo gbé e kọ́ Oníbodè lọ́rùn, mo ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìrì ba ẹ̀tù mi jẹ́ o.” Àdá nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, gígun òkè kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Òkúta Gàgàrà dúró ṣánṣán, igi tó wà lára rẹ̀ ń kéré sí i bí mo ti ń lọ, títí tí wọn ò fi ga ju orúnkún mi lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́, kì í ṣe irú èyí tó ń tu èèyàn lára, èyí tó ń wá ihò ara tó máa gbà wọlé ni. Èémí ń ké nínú àyà mi. Mo bu ìṣẹ́jú díẹ̀ sinmi, mo bù lára iṣu sísun tó wà nínú àpò mi, mo fi omi tó kù nínú kèǹgbè tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí ọkùnrin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o! Ó ku díẹ̀.”

Inú mi dùn. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Ó-Ku-Díẹ̀ ni wọ́n ń pe òun. Ó nawọ́ sí ṣóńṣó kan lókè, ó ní ibẹ̀ ni adágún wà, kí n sá eré díẹ̀. Mo sáré. Nígbà tí mo débẹ̀, òkè mìíràn ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó-Ku-Díẹ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. “Ọdẹ akin! Ṣé o rí i? Ó ku díẹ̀ báyìí.” Mo tún sáré. Òkè mìíràn tún wà. Báyìí ni alágbádá yìí ń lé mi sókè sódò títí ojú mi fi ń rí àwọn nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ti rìnrìn àjò jìnnà rí, ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹ ò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀ rí. Òun ló ń wọ ẹnu àwọn tí ẹ ń bi léèrè ọ̀nà.

Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ọdẹ, ẹ̀yìn ìkúukùu yìí gan-an ni. Fò!” Mo sì fò. Ó ṣojú mi kòrókòró, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìkúukùu. Òfìfo ni, ọ̀gbun tí mi ò gbọ́ ìró òkúta tó jábọ́ sí i. Ọlọ́run ló ní kí n má kú, àpò ọdẹ mi ló kọ́ sí kùkùté igi kan, mo sì ń fì dirodiro. Ó-Ku-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè, ó ń wò mí, ó ní, “Ó ku díẹ̀ kó já.” Ẹ wo ìkà! Ìbínú ló fún mi lágbára. Mo gbá kùkùté mú, mo fi àdá kọ́ ẹnu òkúta, mo fa ara mi sókè, mo sì dìde dúró níwájú rẹ̀. Mi ò nà án. Mo kàn sọ fún un pé, “Látòní, mi ò ní í wo òkè mọ́. Iwájú ẹsẹ̀ mi ni mo máa wò.” Mo sorí kọ́, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan ṣíwájú ìkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń lọ sóko ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó pariwo “ó ku díẹ̀” títí ohùn rẹ̀ fi há. Mi ò gbójú sókè títí tí ilẹ̀ fi tẹ́jú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ìgbà náà ni mo tó gbójú sókè, mo sì gbàgbé pé ó rẹ̀ mí. Adágún náà tẹ́ rẹrẹ láàárín àwọn òkúta, omi rẹ̀ mọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọsánmà ń rìn nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn lókè. Yìnyín wà létí rẹ̀ tí kò yọ́, oòrùn sì ń ràn lé e lórí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀. Omi kún ibẹ̀ dé ẹnu, ó fẹ́ ya, àwa ń fi igbá gbẹ́ yanrìn nísàlẹ̀! Mo rìn yí etí adágún ká dé ibi tí Aríyọ̀ ti yẹ kó bọ́ síta, mo sì rí ohun tó dí i. Òkìtì ewé ni, ó ga ju òrùlé ilé Baálẹ̀ lọ. Ewé gbígbẹ wà nísàlẹ̀, ewé tútù wà lókè, èyí tó wà lókè pátápátá, kò ju pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n já a. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ àdá, mo rọ́ lu òkìtì, mo ń fa ewé dànù.

“Olè! Olè aṣíwé! Ẹ mú un!”

Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ti bò mí. Ọwọ́ tútù, ọwọ́ tí mo rí òdì kejì láti ara rẹ̀. Inú adágún ni wọ́n ń ti jáde, èèyàn ìkúukùu, ọkùnrin wọn, obìnrin wọn, gbogbo wọn ló sì mú ewé dání. Wọ́n gbé mi síwájú obìnrin arúgbó kan tó ga ju igi ọ̀pẹ lọ, irun rẹ̀ funfun, òtútù ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń mí. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Adágún. Ó ní, “Ọkùnrin, kí lo ń wá lábẹ́ ewé tí kì í ṣe tìrẹ?”

Mo ní, “Ìyá, omi ni mò ń wá. Ìlú mi fẹ́ tú.”

Ó ní, “A ò fi omi du ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ewé yẹn, ewé ọdẹ ni. Ọkùnrin arúgbó kan lé ẹfọ̀n gba ìhà tó ní koríko gùn wá síbí. Ẹfọ̀n náà ti gbọgbẹ́, omi ló ń wá, ó sì ṣubú sẹ́nu ọ̀nà odò, ó kú. Arúgbó náà kí wa, ó kúnlẹ̀, ó bu omi mu, ó dúpẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí wa bẹ́ẹ̀. Ó gé ìrù, ó bo ewé, ó ní ká bá òun ṣọ́ ọ, òun ń lọ pe àwọn tí yóò gbé e. A ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá kọjá níbí máa ń já ewé tútù kan lé e, kí ewé rẹ̀ má baà gbẹ, kí ẹnì kan má baà wá sọ pé ẹran tí kò lólúwa ni.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí, nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo sunkún. Nítorí pé wọ́n mọ ìwà hù! Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bọ̀ fún bàbá mi ló fẹ́ tú ìlú bàbá mi ká. Mo ní, “Ìyá, bàbá mi ni ọdẹ náà. Èmi ni mo wá gbé e.”

Wọ́n kùn hùn-ùn. Ìyá Adágún ní, “Ẹnu dùn-ún fi sọ ọ́. Ohun tó lọ láti ibí láìfi ibí sílẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa tí ìdajì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ, kí ni?”

Ọwọ́ mi lọ sí ìgbànú fúnra rẹ̀. Mo fa ìrù yọ. Wọ́n ṣí ewé náà fúnra wọn, ìpele lórí ìpele, títí ẹfọ̀n fi yọ, dúdú, ńlá, tútù, bí èyí tí wọ́n pa láàárọ̀. Òtútù ibẹ̀ ò jẹ́ kó jẹrà rárá. Bàbá mi, ọlọ́wọ́ òsì ni, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, bó bá gé nǹkan, ojú ibi tó gé máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ òdì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ẹfọ̀n yìí. Ìyá Adágún mú ìrù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ìdí ẹfọ̀n. Ó bá a mu rẹ́gí, egungun pàdé egungun, irun pàdé irun.

Ó ní, “Arúgbó náà dà?”

Mo ní, “Ó sùn, Ìyá. Ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ yín náà ló sùn.”

Wọ́n ju ewé ọwọ́ wọn sílẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Adágún ní, “Kí ló sọ kó tó sùn?”

“Ó ní, ‘Ẹ lọ gbé e.’”

“Ó dáa. Gbé e.”

Mo wo ẹfọ̀n, mo wo ara mi. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mo lágbára, ṣùgbọ́n agbára ní ibi tó mọ. Ọjọ́ ti ń lọ, oòrùn ti kọjá àtàrí. Mo ní, “Ìyá, ẹni tó bá bá ọdẹ ṣọ́ ẹran, itan kan ni tirẹ̀. Ẹ mú itan.” Ó ní, “Ṣé o ka àwa tó ṣọ́ ọ? Itan kan kò kárí. Mú itan méjèèjì wá, kí o fi orí lé e.” Mo ní, “Ẹ mú gbogbo ara rẹ̀, Ìyá, àyà, ìhà, itan àti apá, ẹ mú ìfun pàápàá. Ṣùgbọ́n orí ń bá mi lọ sílé. Àwọn kan wà nílé tó yẹ kí orí yẹn wò lójú.” Ó rẹ́rìn-ín, yìnyín jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. “O jọ bàbá rẹ. Gé e, kí o sì dá ìrù padà sí ìgbànú. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, nígbà tí a bá fa ara ẹran yìí kúrò, omi ò ní í dúró dè ọ́.” Mo gé orí, ìwo rẹ̀ fẹ̀ ju apá mi méjèèjì lọ, mo gbé e rù, mo gun òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà omi. Wọ́n di ẹfọ̀n mú, wọ́n kígbe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fà á.

Aríyọ̀ jáde! Ariwo rẹ̀ mi òkúta tó wà lábẹ́ mi. Ó gbé òkìtì ewé, ó gbé igi, ó bẹ́ sísàlẹ̀, èmi náà sì bẹ́ tẹ̀ lé e, ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, a jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí mo ti fi ìnira gùn, eré ni mo fi sọ̀ ọ́. Mo rí agbádá kékeré kan tó ń yí lórí omi, ohùn kan ń ké nínú rẹ̀ pé, “Ọdẹ, ràn mí lọ́wọ́! Ìsàlẹ̀ dà?” Mo ní, “Fọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ó ku díẹ̀!” Nígbà tí mo dé ìdí òkè, Oníbodè ti na ọrùn rẹ̀ sínú omi, ó ń sọ̀rọ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ti fọ eruku kúrò lójú ìpàkọ́ rẹ̀. Ó ti gbé ìbọn mi sókè kí omi má baà kàn án, ó nà án sí mi láìwo ẹ̀yìn. Mo gbà á, mo ń sáré lọ.

Nígbà tí mo yọ sí Aríyọ̀, oòrùn ti kan orí igi. Gbogbo ìlú ti gbé ẹrù jáde sí bèbè odò, Baálẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń wo ìwọ̀ oòrùn. Ajíbówú dúró sáàárín odò gbígbẹ, ẹrù ńlá lórí rẹ̀, ó ń sọ pé, “Kí la tún ń dúró dè? Ọmọ onírọ́ ti bá bàbá rẹ̀ lọ.” Kò tíì pa ẹnu dé tí omi dé. Ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó gba ẹrù lórí rẹ̀, ẹrù ṣáájú rẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ní òun ń lọ. Àwọn obìnrin kígbe, wọ́n bẹ́ sómi pẹ̀lú aṣọ lára, àwọn ọkùnrin ń bu omi da ara wọn lórí, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú odò, fìlà rẹ̀ ṣí, kò mú un. Mo gba àárín wọn kọjá, mo gbé orí ẹfọ̀n kalẹ̀ síwájú ilé wa.

Ajíbówú jáde lómi, omi ń ro tótó lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò gbẹ. Ó ní, “Ẹran tútù nìyí. Òní lo pa á. Kí ló kan bàbá rẹ níbẹ̀?” Mo ní, “Ajíbówú, kí ni mo fi pa á?” Mo na ìbọn sójú ọ̀run, mo yìn ín. Ó dún débi pé gbogbo òkè dáhùn. Àkísà kan ń jó bọ̀ látòkè, ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, etí agbádá etù. Ó wò ó, ó wo agbádá ara rẹ̀ tó ya. Gbogbo ìlú ń wò ó. Ajíbówú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ẹnu ọ̀nà wa, ó ní, “Bàbá Ògúnmọ́dẹdé, ẹ dárí jì mí.” Ìbọn yẹn náà ni ìbọn tí wọn ò yìn fún bàbá mi nígbà tí a ṣe òkú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní onírọ́ ni. Gbogbo ọdẹ ìlú sáré lọ mú tiwọn, wọ́n ń yìn ín títí ẹ̀tù fi tán.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo yọ ìrù nígbànú, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un. Ó gbà á, ó fọwọ́ kàn mí lórí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni. Ó wá mú igbá, ó lọ sí odò, ó bu omi kún un, ó wọ yàrá. A tẹ̀ lé e. Ó ta omi náà sílẹ̀ níbi tí bàbá mi sùn sí, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi mu ún tán, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́yalé, wọ́n ti gbé e dé.”

Omi yẹn náà ló wà nínú igbá ẹ̀gbẹ́ rẹ yẹn, Akínlàjà. Bù ú wá, ọ̀fun mi ti gbẹ.